Ife Omi Tí Tíṣà Kọ́kọ́ Mu

Kí oòrùn tó yọ dáadáa, garawa ti tò lọ gbọọrọ níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ẹ̀rọ omi tuntun wà níbẹ̀, irin rẹ̀ ń dán, omi sì ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé kò ní í tán láyé. Àwọn tó ti fi ogún ọdún ru omi láti odò tó jìn dúró tì í, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìyàwó tuntun.

Aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ wà níta. Gbogbo ẹni tó bá pọn tirẹ̀ tán ló ń kí i.

"Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n yín o. Wọ́n ti gbà wá lọ́wọ́ odò."

"Wọ́n á gbọ́," ni aránṣọ ń dáhùn. "Ẹ rọra, ẹ má da omi sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ ni mò ń rán níbí, n ò gbin ìrẹsì."

Káfíńtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì rẹ́rìn-ín. "Ìyá aránṣọ, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣàwàdà báyìí? Ṣé ẹ ti gbàgbé ọrùn yín ni? Ọrùn tó ti wọ inú èjìká lọ nítorí garawa."

"Ọrùn mi ò wọnú ibì kankan. Orí mi ló wúwo, ọgbọ́n ló wà níbẹ̀. Orí tìrẹ ló fúyẹ́, ìdí nìyẹn tí ọrùn rẹ fi gùn."

Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń kí yìí, Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ti di aṣòfin ìpínlẹ̀, ó ti wọ sáà kejì, mọ́tò ìjọba ló ń gbé e kiri, síbẹ̀ Tíṣà náà ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kọ́ ọmọ ní abúlé kan, nínú ilé ìwé tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ẹni tó bá ti jẹ ẹgba rẹ̀ nídìí ABD kò lè pè é ní Ọlọ́lá láé. Ahọ́n ò ní í gbà.

Ọmọ méjì ni ìyá wọn bí. Odò jìn, ilé ìwé náà jìn, ọjọ́ kan ò sì lè gba méjèèjì. Ẹnìkan ní láti pọnmi, ẹnìkan ní láti kàwé. Àbúrò ló ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo omi tí ẹ̀gbọ́n fi wẹ̀ kó tó lọ síwájú pátákó, orí àbúrò ló ti wá.

Tíṣà ò gbàgbé. Nígbà tó dé ilé aṣòfin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá lọ: kí ìjọba sé odò, kí wọ́n kó omi jọ sẹ́yìn ògiri, kí wọ́n fi páìpù fà á wọ ìlú. Ọdún méje ló fi sọ ọ́. Bó bá ti dìde, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Ẹ gbé garawa síta, òjò ti ṣú." Ó ń gbọ́ wọn. Ó ní òun ti kọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ rí, kò sí ariwo tí àgbàlagbà lè pa tó máa ká òun lára.

Ó jà, ó sì rí i gbà. Wọ́n sé odò, omi kún ẹ̀yìn ògiri náà débi tí ojú ò tó òdì-kejì. Ohun rere ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé dáàmù yẹn ò dára, irọ́ ló pa. Dáàmù kọ́ ló pa ènìyàn. Ife kan ni.

Ife tánńganran funfun ni, etí rẹ̀ ti bó. Nígbà tí Tíṣà wà ní abúlé, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, inú kòtò ni àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń pọnmi wá. Tíṣà á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, á bu ife kan, á mu ún níwájú gbogbo wọn, á sì ní kí wọ́n dúró. Tó bá di àkókò ìsinmi tí inú ò run ún, á ní, "Ó yá, ẹ mu." Kò gbà kí ọmọ kankan mu ṣáájú òun.

Ìfẹ́ ló wà nídìí àṣà yẹn, ìfẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í pa kòkòrò. Ẹnikẹ́ni ò kú nígbà náà, wọ́n bá pe oríire ní ọgbọ́n.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀rọ omi, ẹnjiníà tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ omi fa Tíṣà lọ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan.

"Sà, omi ti dé ẹnu páìpù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò ò tíì dé. Táńkì tá a ó fi sẹ́ ẹ, a ò tíì da iyanrìn sínú rẹ̀ tán. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀? Wo omi náà. Ṣé kò mọ́ ni?"

"Ó mọ́ lójú, sà. Àgọ́ àwọn lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ dáàmù wà létí omi yẹn lókè. Igba ènìyàn ló ń sùn níbẹ̀, kò sí ṣáláńgá kan ṣoṣo. Tí òjò bá rọ̀, ibo lẹ rò pé gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ?"

Tíṣà ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn níwájú. Ó yọjú, ó rí àbúrò rẹ̀ láàárín wọn, garawa òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ tó rán fún ọjọ́ náà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọdún méje ni mo fi ṣèlérí fún wọn," ó ní. "Tí mo bá ní kí wọ́n padà sílé báyìí, àwọn alátakò á fi mí kọrin títí ìbò á fi dé."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi fọṣọ ná, sà. Ẹ kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì mu ún, àfi tí wọ́n bá sè é."

"Ẹnjiníà, omi kòtò ni mo mu fún ọdún mọ́kàndínlógún."

"Mo mọ̀, sà. Ikùn yín nìyẹn. Kì í ṣe ikùn ìlú."

Tíṣà bọ́ síwájú. Ó yọ ife náà nínú báàgì, ó bu omi, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i, ó mu ún gbẹ. Kò sọ pé omi náà dára. Kò nílò kó sọ ọ́. Ariwo ti sọ: Tíṣà ti mu ún. Ẹni tó gbé garawa wá bu tirẹ̀, ẹni tí ò gbé nǹkan wá fi ọwọ́ bu ú mu.

Ní àárọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ kẹtàlélógún rèé tí wọ́n ti ń mu ún. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ẹ̀rọ bó ṣe máa ń dúró lójoojúmọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sè é kí ẹ tó mu ún."

Ẹ̀rín sọ. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

"Nọ́ọ̀sì Ẹ-sè-é, ẹ kú ojúmọ́," ni káfíńtà wí. "Ṣé a ó máa sè é kí á tó fi wẹ̀ náà ni?"

"Fi wẹ̀. Má gbé e mì."

"Eélòó ni èédú? Eélòó ni gáàsì? Omi ọ̀fẹ́ la rí gbà, ẹ fẹ́ sọ ọ́ di olówó."

Aránṣọ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n mi mu ún lójú gbogbo wa. Ṣé wọ́n kú ni?"

"Wọn ò kú. Àwọn kan á mu ún, nǹkan kan ò ní í ṣe wọ́n. Àwọn kan á mu ún láàárọ̀, ilẹ̀ ò ní í ṣú bá wọn láyé. Èwo lẹ wà nínú méjèèjì, ìyá aránṣọ?"

"Èmi ni àbúrò Tíṣà."

"Kòkòrò kì í bèèrè ẹ̀gbọ́n ẹni kó tó wọlé."

Aránṣọ pòṣé, ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Nọ́ọ̀sì gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò rọ̀, òjò ńlá tó gbá ilẹ̀ mọ́. Ohun tó gbá ní àgọ́ lébìrà, inú dáàmù ló gbá a lọ.

Ní ọjọ́ kẹta òjò yẹn, káfíńtà ń fá pákó, ó wá ṣàkíyèsí pé òun ò gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí díẹ̀. Ó bẹjú wò. Aránṣọ wà nílẹ̀ lórí ẹní, ó fi ọwọ́ ti ògiri, garawa méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà nínú wọn funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

"Ìyá aránṣọ, kí ló dé?"

"Oúnjẹ àná ni. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

"Láti ìgbà wo?"

"Ìdájí."

"Ẹ jẹ́ á lọ sí ilé ìwòsàn."

"Kí n lọ bá Ẹ-sè-é, kí n ní omi ẹ̀gbọ́n mi ló dá mi dùbúlẹ̀? Kó máa pòkìkí mi káàkiri? Ìbò ku oṣù méjì. Ti ilẹ̀kùn yẹn."

Káfíńtà ti ilẹ̀kùn. Ó padà sídìí pákó rẹ̀. Títí dòní, ó ń ka wákàtí márùn-ún tó fi fá pákó yẹn.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, tí kò gbúròó rẹ̀ mọ́, ó pe Tíṣà lórí fóònù. Tíṣà kúrò nínú ìpàdé, ó wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá lórí ẹní kò jọ ẹni tó fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú rẹ̀ ti kó sínú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ohùn rẹ̀ ti há. Tíṣà fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ àbúrò rẹ̀ sókè, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padà.

"Lọ pe nọ́ọ̀sì," ó sọ fún káfíńtà. Káfíńtà ti sáré jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni aránṣọ wí, "òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ fún mi lómi."

Tíṣà mú ife funfun náà nínú báàgì. Ó dé ìdí ẹ̀rọ, ó ṣí i, omi ń tú, ó mọ́ gaara. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnjiníà ń dún létí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n òùngbẹ ń pa ọmọ ìyá rẹ̀, kò sì sí omi mìíràn nítòsí, nítorí láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti dé, ẹnikẹ́ni ò tún tọ́jú omi sísè mọ́.

Ó bu ife náà kún. Ó gbé orí àbúrò rẹ̀ sókè, ó fún un mu, aránṣọ mu ún tán.

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó rí ife.

"Ta ló fún un ní omi yìí?"

"Èmi ni."

"Ṣé wọ́n sè é?"

Tíṣà gbé ife náà lọ sẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n gbé aránṣọ sórí ọmọlanke káfíńtà, wọ́n sáré tì í dé ilé ìwòsàn. Gbogbo bẹ́ẹ̀dì ti kún, àwọn kan wà lórí ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ń wá iṣan lọ́wọ́ rẹ̀ láti fa omi sí i lára, iṣan ti sá. Ó wá apá kejì. Ó wá ẹsẹ̀. Nígbà tó rí ọ̀kan, omi náà ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀.

"Onígbáméjì ni," ó ní. "Ká ní ìdájí lẹ gbé e wá, ì bá ti máa jókòó báyìí." Ó yíjú sí Tíṣà. "Ènìyàn mẹ́rìnlá ló wà lọ́wọ́ mi láti àná, n ò sì mọ orísun rẹ̀. Bí kì í bá ṣe omi, mo ní láti wá ibòmíràn kiri, ọjọ́ á sì máa lọ. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, sà. Ṣé omi yẹn gba oògùn?"

Gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ gbà á nínú yàrá náà ń wò ó.

"Kò gba oògùn," ni Tíṣà wí.

Aránṣọ la ojú. "Ẹ mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo mọ̀."

Aránṣọ wò ó. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ògiri. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀.

Tíṣà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ bo òkú, ó nu ọwọ́, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde, sà. Àsìkò ìrọ̀lẹ́ nìyí, garawa ti tò síbẹ̀ báyìí."

"Ẹ lọ sọ fún wọn."

"Mo ti sọ. Ẹ-sè-é ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n mu ún. Ẹnu kan náà ni kẹ́ ẹ fi lọ sọ fún wọn."

Ó dìde. Ó dé ìdí ẹ̀rọ, ó bá garawa bí ọgbọ̀n.

"Ẹ má mu omi yìí mọ́."

"Tíṣà, ṣé kò sí o?"

"Wọ́n ti fún un ní nǹkan," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn. "Ìbò ti ń bọ̀."

Ìyá àgbàlagbà kan, tí Tíṣà kọ́ ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, sún mọ́ ọn. "Tíṣà, ife yín ló wà lọ́wọ́ yín yẹn. Ẹ bu díẹ̀ mu fún wa, ká lè mọ̀."

"Ìyá, ẹnu mi kì í ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ẹnjiníà sọ fún mi lọ́jọ́ tí a ṣí i pé omi yìí ò gba oògùn. Mo gbọ́, mo sì mu ún kí ẹ lè mu ún. Lọ́sàn-án yìí, mo bu ife kan fún ọmọ ìyá mi. Ó ti kú. Kò tíì pé wákàtí kan."

Garawa kan kún lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ń ṣàn dànù, ẹnikẹ́ni ò gbé e kúrò. Obìnrin kan ní, "Ọmọ mi mu ún láàárọ̀," ó da tirẹ̀ nù, ó sáré lọ sílé. Káfíńtà ti ẹ̀rọ pa, ó fi sípánà tú ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ó fi í sí àpò.

"Kí la ó wá máa mu, Tíṣà?" ni ìyá àgbàlagbà bèèrè.

Tíṣà sọ ohun tí nọ́ọ̀sì ti ń sọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó sọ ọ́ bó ṣe ń kọ́ ABD, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ tẹ̀ lé òun. Àgbàlagbà, àwọn tó ti ní ọmọ-ọmọ, wọ́n dúró ti garawa òfìfo, wọ́n ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Omi yòówù, kó mọ́ bíi dígí, a ó sè é. Tó bá hó yaya, a ó jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú kan sí i. A ó dé e lórí. A ò ní í ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gba ilé ìwòsàn yẹn kọjá. Márùn-ún kú. Oògùn tí wọ́n ní yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sì dé, ó dé láàárín ọjọ́ mẹ́rin nígbà tí òkú ti di márùn-ún. Ẹ fúnra yín ro ìyẹn wò.

Tíṣà ò wọlé nínú ìbò náà. Àwọn kan ní ì bá ti dákẹ́. Ẹni tó bá ní ì bá ti dákẹ́, kó lọ ka iye òkú tí ìdákẹ́ ì bá fi kún márùn-ún. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe pé ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó pẹ́ kó tó sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́. Omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Aṣọ funfun lè sẹ́ ìdọ̀tí, kò lè sẹ́ kòkòrò. Ẹ sè é, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ohun tó mọ́ tó ní ìdérí, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ má yàgbẹ́ sí etí omi tí ẹlòmíràn máa mu.

Bí ìgbẹ́ bá ń tú bí omi, ẹ má dúró de ọ̀sán. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, àti lójú ọ̀nà, ẹ máa fún aláìsàn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà: lítà kan omi tí a ti sè tó sì ti tutù, ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, kí ohun tó wà nínú ṣíbí náà má ga kọjá etí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, léraléra. Bó bá bì í, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún fún un. Ọmọ tó ń mu ọmú, ẹ má gba ọmú lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ má fi àìsàn pamọ́ nítorí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ aránṣọ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tí kò rán tán wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń dáàbò bò.

Bí wọ́n bá sì wá ṣí ẹ̀rọ omi fún yín, ẹ kí wọn kú iṣẹ́. Lẹ́yìn ìkíni, ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò omi náà, kí ẹ sì rí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Aṣòfin ni o, ọba ni o, ọmọ ìyá yín ni o. Tó bá gbé ife sókè pé ẹnu òun ni ẹ̀rí, ẹ da omi yín sínú ìkòkò, kí ẹ gbé e kaná.